Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kókó tó wà nínú ọ̀fun rẹ̀ ti wọ ibi tí ohùn ti ń jáde, pé kò sí bí òun ṣe fẹ́ yọ ọ̀kan kí òun fi ìkejì sílẹ̀. Tábìlì ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́? Báwo ni n óò ṣe máa sọ̀rọ̀?"

"Ẹ óò máa mí láti ihò kékeré kan níbí." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ọrùn ara rẹ̀. "Èémí ò ní gba ẹnu mọ́. Ẹ lè máa kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀."

"Màmá ò lè ka ohun tí mo bá kọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe dókítà.

Ọdún mẹ́ta rèé tí ojú Màmá ti fọ́ pátápátá. Ohùn ló fi ń mọ èwo ni èmi, èwo ni ẹ̀gbọ́n mi. A rìn padà sílé nínú kùrukùru, a ò rí ju ẹsẹ̀ ara wa lọ. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà, a ti gbà pé ká má tíì sọ fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ni ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń tan kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tó wà ní ìkáwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi á gba orí òrùlé wọlé wá: "Ọkọ̀ aago méje ààbọ̀ ti fẹ́ gbéra ní ojú irin kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Ọdún méjìlélógún ló ti ń kéde ọkọ̀. Àwọn tí kò rí i rí ń pè é ní Ohùn.

Láàárọ̀ yìí, ó há díẹ̀ lórí "ẹ sún sẹ́yìn." Arákùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn gbójú sókè, ó wo òrùlé, ó tún padà sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Èsì ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ohùn tí mo kọ̀wé sí. Kí ẹ̀gbọ́n mi ka ẹgbẹ̀ta gbólóhùn, ká gbà á sílẹ̀, ká fi ránṣẹ́. Àwọn á fi ẹ̀rọ ńlá tiwọn kọ́ ohùn náà, wọn á dá a padà fún wa. Ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ láá máa sọ ọ́. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Kọ̀ǹpútà wo? Àyẹ̀wò àti oògùn ti jẹ owó tí à bá fi ra tuntun. Èyí tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú la ní, ó sì ti dàgbà. Mo ra bátìrì tuntun fún un lónìí. Iye tí wọ́n pè é, mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí n má baà tún máa rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Inú yàrá aṣọ la ti ń gba ohùn sílẹ̀, torí àwọn kóòtù àti búláńkẹ́ẹ̀tì máa ń mu ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí láàárín àwọn aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, apá kóòtù kan lé e léjìká bí ẹni pé wọ́n jọ ń ka ìwé náà.

Ó ka ogún gbólóhùn. Gbogbo rẹ̀ dún bí ìkéde ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kà á bí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Báyìí ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti kékeré."

Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Gbólóhùn mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ohùn rẹ̀ ò kọjá wákàtí kan lójúmọ́ mọ́, àwọn ará ibùdókọ̀ sì ń mú nínú wákàtí náà. Màmá ń béèrè ohun tí à ń ṣe nínú yàrá aṣọ. A ní à ń to aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Àwọn onímọ̀ ohùn fi ètò náà ránṣẹ́ ṣáájú, pẹ̀lú ohùn àjèjì kan tí a lè fi dán an wò. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé. Mo tẹ "ẹ káàárọ̀." Ó dákú lójú ẹsẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ sílẹ̀ kó tó kú: àṣẹ tí kò tọ́.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Àṣẹ tí kò tọ́.

Mo gbé ètò náà lọ sí ilé ìkàwé, mo dán an wò lórí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá yẹn. Ohùn àjèjì náà kí mi káàárọ̀ láìjanpata. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà tiwa ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ètò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbé kọ̀ǹpútà wa lọ bá Onígíláàsì Méjì, bàbá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ọjà. Awò méjì ló máa ń wọ̀ pọ̀, ọ̀kan fún nǹkan kékeré, ìkejì fún èèyàn. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń gbé wọn sókè sódò.

Ó ní, "Ìṣirò ni ètò ohùn ń ṣe, ìṣirò tó pọ̀ bí omi òjò. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó gbọ́n á gbé garawa mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, tí o bá ní kó gbé mẹ́jọ, kò ní bá ọ jiyàn. Á dákú ni."

"Ṣé tiwa ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Èmi kọ́ lo máa bi. Bi í fúnra rẹ̀. Ṣebí o mọ èdè tí wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo mọ ọ̀kan. Èdè kékeré kan tí mo kọ́ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, tí mo fi ń mọ àwọn tí kò tíì dá ìwé padà. Mi ò fi bi ọpọlọ ní ìbéèrè rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kọ́kọ́ bi í bí èdè kékeré mi ṣe ń béèrè. Orúkọ ọpọlọ náà ló sọ fún mi, àti orúkọ ẹni tó ṣe é, bí ọmọ tí àlejò bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ètò ìṣàkóso, ìyẹn èyí tó ń darí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà, máa ń ní àkọsílẹ̀ ohun tí ọpọlọ lè ṣe, ó máa ń kọ ọ́ nígbà tí a bá tan án. Mo ní kí èdè kékeré mi ṣí i, kó gé e sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Wọ́n pọ̀ ju ọgọ́rin lọ, àwọn gígé kúkúrú tí ẹnu ò lè pè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́. Mo kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ garawa mẹ́jọ ò sí níbẹ̀.

Mo ṣe bákan náà lórí ti ilé ìkàwé. Ó wà níbẹ̀, láàárín àwọn yòókù, bí ẹni tí kò ṣe nǹkankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ka gbólóhùn márùndínláàádọ́ta lónìí, ó sì ń yangàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Òjò láti ìdájí. Mo tún sùn lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo lá àlá pé mo wà nínú ọpọlọ náà. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, àwọn ilẹ̀kùn sì tò lọ títí ojú ò fi rí òpin wọn. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ń kéde ọkọ̀. Mo gbọ́ ọ kedere. Mi ò mọ èwo nínú wọn ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí bébà fún Onígíláàsì Méjì. Ó gbé awò ti nǹkan kékeré wálẹ̀.

"Irú ọpọlọ yìí, mo ti tún tó ogún nínú wọn ṣe. Gbogbo wọn ló ń gbé garawa mẹ́jọ."

"Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ síbí, sà."

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ètò ìṣàkóso ni, sà."

"Ẹni tó ń bá a gbé lo bi léèrè, o ò tíì bi òun gan-an." Ó dá bébà náà padà fún mi. "Lọ bi òun gan-an."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Èdè kékeré mi ò ní ẹnu tó lè fi bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ tààrà. Nọ́ńbà nìkan ni ọpọlọ gbọ́. Ṣe ni mo to nọ́ńbà mélòó kan sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, mo gba àṣẹ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ níbi tí mo tò wọ́n sí, mo wá ní kí èdè kékeré mi pè wọ́n bí ẹni ń pe orúkọ. Lánàá, gbogbo rẹ̀ dákú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kó iṣẹ́ mi lọ. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan tábìlì, nọ́ńbà mẹ́rin jáde. Wọ́n gùn, wọn ò jọ nǹkankan.

Mo fọ́ ìkẹta sí oódo àti ení. A máa ń kà á láti ọwọ́ ọ̀tún, a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oódo. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá bá mi kà á, torí mi ò gba ojú ara mi gbọ́. Ó fi ìka rẹ̀ lé ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ohùn tó kù nínú rẹ̀ kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tó ń kọ́ mi ní oókà nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìkejìdínlọ́gbọ̀n: ení. Ọpọlọ náà mọ iṣẹ́ garawa mẹ́jọ.

Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, èyí tó ń sọ bóyá ètò ìṣàkóso ti gbà á láyè: oódo.

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn ò jẹ́ kó ṣe é ni."

Ó wo nọ́ńbà náà títí. Ó ní, "Ta ni ò jẹ́ kó ṣe é?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èmi ni.

Mo ṣí ibi tí wọ́n ń kọ àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà máa ń kà bó bá ń jí. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní kí ètò ìṣàkóso ti ilẹ̀kùn garawa mẹ́jọ yẹn pa. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: *Má yọ èyí kúrò o. Òun ni kò jẹ́ kó máa dákú mọ́.* Bí mo ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, oṣù tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú. Mo rántí. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí kọ̀ǹpútà náà láti wo fọ́tò ọkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì dákú lórí fọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi á wá bú sẹ́kún. Mo rí ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ti gba ẹlòmíì nímọ̀ràn, mo dà á kọ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Mo jókòó títí tíì mi fi tutù. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ó ní, "Nítorí náà, ìwọ lo pa mí lẹ́nu mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tí mo ní láti lọ bu omi wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo yọ ọ̀rọ̀ náà. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án, mo tún bi ọpọlọ. Ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ení. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ení. Mo tẹ "ẹ káàárọ̀." Mo ka ìṣẹ́jú àáyá: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ohùn àjèjì yẹn kí gbogbo ilé.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè tún máa dákú bíi tàtijọ́. Onígíláàsì Méjì tú u, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kó eruku inú fáànù rẹ̀ jáde, ó kún àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ooru ló ń pa á nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí o kọ síbẹ̀ ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀." Kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó ní òun náà máa ń wọ ọkọ̀ aago méje ààbọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Ẹgbẹ̀ta gbólóhùn pé. Èyí tó kẹ́yìn ni: "Ìkòkò náà ti fẹ́ hó." Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí iná tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Ìkéde ìkẹyìn lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má wá sínú yàrá ìkéde, kí n dúró níta láàárín àwọn èrò. Mo dúró lábẹ́ aago ńlá. Òjò ti dá, gbogbo ilẹ̀ ń dán, ọ̀run sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

"Ọkọ̀ aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti fẹ́ gbéra ní ojú irin kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Ó dánu dúró. Gbogbo wa gbọ́ èémí rẹ̀. "Ẹ máa lọ dáadáa."

Kò sọ ìyẹn rí ní ọdún méjìlélógún. Obìnrin kan tó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ yíjú padà, ó wo ẹ̀rọ agbóhùnsókè lórí òpó, ó dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o." Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Ohùn náà dé. A gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun láá tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ ohun tó mọ̀ jù láyé yìí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ ohùn ti yọ híhá rẹ̀ kúrò, bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá:

"Ọkọ tó ń lọ ní aago méje ààbọ̀ ti fẹ́ gbéra."

A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tèmi ti gbéra láti ọdún mẹ́fà, kò sì kéde."

Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni. Ètò náà lè mọ àwọn ọ̀rọ̀ yòókù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní ìtumọ̀ púpọ̀, bí èèyàn bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló máa kà á. Mo fi ibi tí àmì òkè àti ìsàlẹ̀ wà hàn án. Ó ní ojú òun ò kọ́ ìyẹn, pé ìgbà tí òun wà níléèwé, olùkọ́ àwọn gan-an kì í fi àmì sí i. Títí ọ̀sán ló fi ń kọ́ ọ. Ọkọ̀. Ọkọ́. Ọkọ. Ọ̀kọ̀. Ohùn rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà ń tún un pè tẹ̀lé e bí ọmọ iléèwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

A sọ fún Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀, kò lè parí rẹ̀, èmi ni mo parí rẹ̀.

Màmá ní, "Mo ti ń retí ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ fún mi."

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ọ̀fun rẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ti ń gbọ́ nǹkan tó ń fà níbẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á sọ. Ẹ wá ń to aṣọ fún odidi oṣù kan."

Lẹ́yìn náà, Màmá ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka nǹkan sí òun létí. Kò sí ìwé nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti ọkọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀, ó ń kà wọ́n lórí: aago márùn-ún ààbọ̀, ojú irin kẹta; aago mẹ́fà, ojú irin kìíní. Ohùn rẹ̀ ti dín sí afẹ́fẹ́. Màmá sùn ká tó dé ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò dúró, ó kà á títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbé e wọlé. Aago mẹ́ta kọjá ni wọ́n gbé e jáde. Ó wà láàyè. Dókítà ní gbogbo rẹ̀ ti kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ń kọ̀wé sórí síléètì. "Ṣé Màmá ń jẹun?" "Ta ló ń kéde?" Mo ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó sì ń yára jù. Inú rẹ̀ dùn sí i pé ó ń yára jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n dá a sílẹ̀ lónìí. A wọlé lọ́sàn-án. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, Màmá jókòó síbẹ̀, oòrùn bò ó dé itan. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà pé kó má ṣe wàhálà, pé èmi láá kọ́kọ́ sọ fún Màmá pé ó ti dé. Ó mi orí pé rárá. Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú Màmá, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ń wá àmì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kà á nínú ara mi: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Màmá, èmi ni."

Ohùn rẹ̀ ni. Ó kún inú yàrá, ó kan ògiri, ó jáde gba ojú fèrèsé.

Màmá ò mira. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mi ò wá ní mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ ni? Mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó. Ó ṣe é bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde ní ọrùn rẹ̀.

Màmá na ọwọ́, ó wá orúnkún rẹ̀ kàn, ó gbé ọwọ́ lé e. "Sọ nǹkan mìíràn."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. "Ebi ń pa mí, Màmá. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún rèé tí mi ò fi eyín kan nǹkan."

"Ta ló ní kí wọ́n má fún ọ lóúnjẹ?"

"Dókítà ni. Ó ní nǹkan rírọ̀ ni kí n ṣì máa jẹ."

"Òun ńkọ́, ṣé nǹkan rírọ̀ lòun náà ń jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, ìka rẹ̀ ń lọ láìkánjú. Màmá yí etí sí i, ó ń dúró. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ gbé omi kaná.